Ọ̀dà Pupa Lára Ẹja Onígi

Láṣebìkan apẹja ní ẹja onígi kan tó ní ìwọ̀ lára, tó fi ń tan ẹja ńlá jẹ lójú ọ̀sà. Ẹja onígi náà ti gbó, ikùn rẹ̀ ti là, omi sì ń wọ inú rẹ̀. Dípò kó sá a gbẹ, kó fi gọ́ọ̀mù dí i, ńṣe ló fi ọ̀dà pupa kùn ún bẹ́ẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Bàbá Àjọkẹ́, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹja máa ń yẹ ikùn wò?" ni Láṣebìkan fi dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹja ńlá kan gbé ẹja onígi náà hán. Láṣebìkan fa okùn tagbáratagbára. Igi náà là sí méjì, ìdajì tó wà lẹ́nu okùn sì ta padà wá pẹ̀lú ìwọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ náà há sí ìpéǹpéjú Rẹ̀mílẹ́kún.

"Má mira! Má ṣẹ́jú!" ni Láṣebìkan kígbe.

Láṣebìkan fa ọ̀bẹ yọ, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ọ̀bẹ, tó gé okùn fúnra rẹ̀. Láṣebìkan wa ọkọ̀ padà sí èbúté; bí ìgbì bá ti kọlu ọkọ̀, a yíjú wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń ríran?"

Rẹ̀mílẹ́kún ń bẹ̀rù pé bí òun bá la ẹnu, ìwọ̀ náà á wọlé sí i.

Nọ́ọ̀sì kan ló yọ ìwọ̀ náà létí omi. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ojú náà fọ́.

Ojú ọ̀hún ti jinná. Láṣebìkan ti ń tún ohun ìpẹja rẹ̀ ṣe dáadáa, aṣọ ló sì fi ń di ìwọ̀ wọn. Síbẹ̀, bó bá ti gbé ọ̀pá ìpẹja sókè, Rẹ̀mílẹ́kún a fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.