Ohùn Ẹ̀ga Yí Padà

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun eèrà. Ẹ bi Lásún léèrè, ará Òṣogbo.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀ga kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Láràárọ̀, bí Moníọlá ìyàwó rẹ̀ bá ti fún ọmọ lọ́mú tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa tẹ́tí sí wọn. Lásún a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Ìtùnú, ṣé o ti wá gbọ́ èdè ẹyẹ ni?"

"Ariwo yàtọ̀ sí ariwo, Bàbá Ìtùnú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹní lábẹ́ ọ̀pẹ náà. Lásún ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ nítòsí, Moníọlá ń rẹ́ ilá lókèèrè. Àfi bí ohùn àwọn ẹ̀ga ṣe yí padà. Igbe kíkan ni wọ́n ń ké, gbogbo wọn sì ń rà bàbà lójú kan ṣoṣo.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ gbé ọmọ!"

"Kí ló dé?"

"Ẹ gbé e ná!"

Bí Lásún ṣe gbé ọmọ kúrò nílẹ̀ báyìí, ejò sèbé dúdú kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, gbì! Orí ẹní náà gan-an ló bọ́ sí. Lásún sáré gbé ọmọ fún Moníọlá, ó sì fi igi lu ejò náà pa.

"Ṣé o rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

"N kò rí nǹkan kan. Àwọn ẹyẹ yẹn ni kò ké bẹ́ẹ̀ rí."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Lásún ló kọ́kọ́ jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àga méjì ló gbé dání.