Ẹ̀rọ Tí Ń Mú Ojú Tutù

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ojú tutù. Kì í ṣe ojú ènìyàn o. Ojú ẹ̀rọ ni, èyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbé lọ sí ojú òfuurufú, kí ó máa rí iná tó bá ń jó ìgbẹ́, kí àwọn àgbẹ̀ lè tètè gbọ́ kí oko tó jóná. Ooru ni ojú yìí fi ń ríran. Bí òun fúnra rẹ̀ bá gbóná, ooru ara rẹ̀ nìkan ni yóò máa rí.

Ọkùnrin náà ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju ife omi lọ. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ń lé ooru jáde. Ojú náà tutù ju yìnyín lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán tó rí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, nítorí ọ̀pá tó ń mú un tutù náà ló ń mì ín. Ọkùnrin náà rò pé òtútù kò tíì tó ni, ó fi kún agbára ọ̀pá, gbígbọ̀n náà sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí ojú náà kò bá dúró jẹ́ẹ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi í sílẹ̀ lọ.

Ó fajú ro wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ ìbora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ó ní kí ó bá òun di etí kejì mú. Ọkọ fà á tipátipá, aya fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ má dá a fà. Bí ẹ bá ti ń fà, kí èmi náà máa fà.”

Wọ́n jọ fà á, wọ́n jọ rìn pàdé ara wọn. Ọkùnrin náà wò ó, àárín aṣọ kò yẹ̀. Ó bá a ká a tán kí ó tó sáré padà síbi iṣẹ́, nítorí ó mọ oore. Ó fi ọ̀pá kejì kọjú sí ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, èkejì a wá pàdé rẹ̀. Bí ó bá padà, òun náà a padà. Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ojú náà lọ, ó sì rí iná.

Akínrìnádé ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ, n kò sì ní fi òótọ́ pamọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lò ń wá. Ṣùgbọ́n bí o bá ti pariwo “Ẹ fara balẹ̀” nínú ilé yẹn, àwo ń mì lórí pẹpẹ. Ìyàwó rẹ ti lọ sílé ìyá rẹ̀, o sì ń bi mí pé kí ló ń dùn ún. Báwo lo ṣe máa rí i? Lọ bá a. Di etí aṣọ kan mú, kí o sì jẹ́ kí òun náà fà.