Àsíá Ìmọ̀fọ̀ Tí Kò Ní Àárín

Ọkùnrin mẹ́tàlélógún ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tì mọ́lé ní Ìmọ̀fọ̀ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ fọ́ òkúta ojú ọ̀nà lásìkò tí wọ́n ń gbin iṣu. Àdúgbò márùn-ún ni wọ́n ti kó wọn. Kàkà kí ìlú fohùn ṣọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àdúgbò ń lọ bẹ̀bẹ̀, tí oníkálukú ń sọ pé ọmọ tàwọn kò ṣe nǹkan kan, pé ti àdúgbò kejì ni olóríkunkun. Ajẹ́lẹ̀ a gbọ́, a rẹ́rìn-ín, a sì fi kún ọjọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà sú Àwẹ̀ró, ahunṣọ àdúgbò Òkè-Ọdán, Àwẹ̀ró ẹlẹ́nu bí abẹ́rẹ́, a-fi-òwú-tẹ́ẹ́rẹ́-de-erin. Ọkọ rẹ̀ wà nínú àtìmọ́lé, èbù iṣu wọn sì ń jẹrà nílé. Ó ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan hun abala kíjìpá kan, kí òun rán wọn pọ̀ di àsíá, kí gbogbo ìlú tẹ̀lé e lọ bá ajẹ́lẹ̀. Wọ́n hun ún. Ni ìjà bá tún dé: abala ta ni yóò wà láàárín?

"Àwa la tẹ ìlú yìí dó," ni Olóyè Ajíbógun ti Ìsàlẹ̀-Odò wí. "A ò ní dúró sí etí aṣọ."

"Ẹ kọ́kọ́ dé lóòótọ́," ni ará Òkè-Ọdán kan dáhùn. "Ẹ ò sì tíì kúrò lójú kan látìgbà náà!"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà. Lọ́jọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró pòṣé.

"Ẹ̀yin bàbá mi, àwọn ọkọ wa ń sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ń du àárín aṣọ!"

Ó rán abala kìíní mọ́ ìkejì títí dé ìkarùn-ún, ó wá rán ìkarùn-ún padà mọ́ ìkíní. Aṣọ náà ká kiri bí apá agbádá. Ó fi kọ́ òpó.

"Ẹ wá fi àárín rẹ̀ hàn mí, Olóyè."

Ajíbógun yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bá wọn tú u kúrò lára òpó.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú ilé ajẹ́lẹ̀, ògbufọ̀ béèrè pé, "Àdúgbò wo ló wá bẹ̀bẹ̀ lónìí?"

"Sọ fún ọ̀gá rẹ pé Ìmọ̀fọ̀ ni," ni Àwẹ̀ró wí. "A ò sì bẹ̀bẹ̀. Títí ẹ ó fi tú wọn sílẹ̀, ibí la jókòó sí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n jókòó, tí ẹnikẹ́ni kò pọn omi fún ajẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dáná fún un. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A kò tún kó ará Ìmọ̀fọ̀ lọ fọ́ òkúta lásìkò ìgbìn mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ìlú bá ní ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ìjọba, àsíá náà ni wọ́n ń gbé ṣáájú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nítorí afárá tó wó. Wọn ò tíì tún afárá náà ṣe.