Ẹnu Ìsàlẹ̀ Oko

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí ó fẹ́ràn àlùbọ́sà rẹ̀ ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tí a ń gé sínú ọbẹ̀ lọ. Má rẹ́rìn-ín. Ká ní o rí àlùbọ́sà yẹn ni, ìwọ náà ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Ó tóbi, ó pọ́n dáadáa, ó sì dùn débi pé àwọn oníràkúnmí tó ń rin ìrìn oṣù kan gbáko a máa yà kúrò lójú ọ̀nà wọn torí rẹ̀.

Òjò kò mọ ọ̀nà ìlú ọkùnrin yìí. Ọdún kan lè kọjá kí ìkùukùu má tilẹ̀ yọjú, iyanrìn ló sì yí wọn ká níhà gbogbo. Ṣùgbọ́n orísun omi kan wà ní ẹsẹ̀ òkè wọn tí kì í gbẹ, òun ni gbogbo ìlú gbójú lé. Oko wọn tò tẹ̀lé ara wọn láti ibẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Nínú ìlà kan lára wọn, oko ọkùnrin yìí ló wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni oko ọkà bàbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń dá. Lẹ́yìn tiwọn ni ti opó kan tó ní ogún igi dàbínù, èso dídùn tí wọ́n fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Lẹ́yìn opó, kò sí oko mọ́. Kòtò gbalasa kan ló wà níbẹ̀, funfun báláú, tí gbogbo ìlú ti ń họ iyọ̀ fún ọbẹ̀ àti fún ẹran ọ̀sìn.

Abọ́ bàbà ni wọ́n fi ń pín omi. Wọ́n ti lu ihò tín-ín-rín kan sí ìdí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan, tí wọ́n ń pè ní Baba Alábọ́, a gbé e léfòó nínú ìkòkò omi, omi a máa gba ihò wọlé díẹ̀díẹ̀ títí abọ́ yóò fi rì. Ní kété tó bá rì, bàbá a ké, "Ó rì o!" Ìyẹn ni abọ́ kan. Ọkùnrin yìí ní abọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Opó ní ẹyọ kan.

Oko kọ̀ọ̀kan ní ògiri amọ̀ kékeré yí ká, ògiri náà sì ní ẹnu méjì. Ẹnu òkè ni omi ń gbà wọlé, wọ́n a máa ṣí i, wọ́n a sì máa tì í bí abọ́ bá ti wí. Ẹnu ìsàlẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ibẹ̀ ni ìyókù omi ń gbà jáde lọ sí oko tó tẹ̀lé e. Èyí, ẹnikẹ́ni kì í tì í. Bí o bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọn a ní bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ọkùnrin wa lọ́rùn. N kò bá a wí fún ìyẹn, èmi náà kò fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ooru, ó dúró sí ìsàlẹ̀ oko rẹ̀, ó ń wo omi tó ń jáde. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó tẹ̀lé omi náà. Ó rí i bó ṣe gba àárín ọkà bàbà kọjá, tó sì lọ ń yí ìdí àwọn igi dàbínù ká. Opó jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń hun ẹní.

Obìnrin náà ní, "Ẹ kú ooru o, ará òkè."

Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi ni mo ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Èmi ni mo ń ro oko. Mo wá di ẹni tó ń pọn omi fún dàbínù ẹlòmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi ìfọwọ́ kalẹ̀. "Bàbá Sàdíyà, ṣé òùngbẹ ti gbẹ àlùbọ́sà yín rí ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá ń dùn yín?"

Bí ènìyàn kò bá rí èsì fún ìyàwó rẹ̀, ó yẹ kó jókòó kó rò ó. Ọkọ́ ló gbé ní tirẹ̀. Ó po amọ̀, ó sì di ẹnu ìsàlẹ̀ pinpin.

Baba Alábọ́ wá wò ó. Ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, abọ́ rẹ pé, n kò lè sọ pé o jalè. Ṣùgbọ́n bá mi ṣí ibẹ̀ yẹn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí nìdí rẹ̀?"

"Bàbá mi kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó kàn ní a kì í tì í ni."

Ọkùnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́ ọ nílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, opó náà gun òkè wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti yọ bàtà, ó sì ti kúnlẹ̀ kí i. Kí ó tó la ẹnu, ọkùnrin náà ti dìde. Ó ní, "Kò sí o, ìyá. Kò sí rárá." Opó wò ó, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àlùbọ́sà ọdún náà kò ṣeé fẹnu sọ. Òmíràn tó orí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin wa ń fi ọwọ́ sọ̀yà káàkiri ìlú, ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ojú òun ti là, pé àwọn bàbá ìgbàanì kò mọ̀ tó bí a ṣe rò. Ní ìsàlẹ̀, mẹ́rin nínú igi dàbínù opó kò so.

Ní ọdún kejì, ó rí nǹkan funfun kan lórí ebè, lóríṣiríṣi ibi, bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀. Ó rò pé eérú ni. Ó gbá a kúrò, ó tún padà wá. Lẹ́yìn náà ni ewé àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ṣóńṣó orí wá sí ìdí. Ó ní, "Òùngbẹ ni." Ó bẹ ìbátan rẹ̀ kan fún abọ́ méjì sí i, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú oko náà. Ewé túbọ̀ ń jó. Ó tún wá omi kún un.

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, bí oòrùn bá ti yọ, oko náà a máa kọ mànà débi pé o kò ní lè tẹjú mọ́ ọn. Àlùbọ́sà tó hù níbẹ̀ kò tó àtàǹpàkò. Àwọn oníràkúnmí yà wá, wọ́n wò ó, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì kọjá lọ. Èyí dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Inú oko yẹn ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ, ibẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ náà ti ṣiṣẹ́ jẹun, lọ́wọ́ òun ló wá fẹ́ kú sí. Ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lọ sí ìlú ńlá, kí òun máa ru ẹrù lọ́jà. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í.

Ọjọ́ kan ni iyọ̀ tán nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun họ díẹ̀ wá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí kòtò funfun, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó sì wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí i rí. Àràárọ̀ ló ń rí i. Ó fi ahọ́n kàn án, ó fi igbá tó mú wá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré gun òkè padà, ó bu ìyẹ̀fun funfun orí ebè rẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Iyọ̀ ni.

Nígbà tó padà wá gbé igbá rẹ̀, opó ti wà létí kòtò, òun náà ń họ tirẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, níbo ni iyọ̀ yìí ti ń wá?"

"Nínú omi wa náà ni. Ó kéré, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oòrùn ń mu omi, kì í mu iyọ̀. Ọkọ mi tó ń họ iyọ̀ níbí ló kọ́ mi. Omi tó ń gba ẹnu ìsàlẹ̀ jáde ló máa ń fọ iyọ̀ kúrò lóko yín. Àlùbọ́sà kò lè fara dà á. Ọkà bàbà gba díẹ̀. Dàbínù tèmi kò kọ̀ ọ́ rárá. Èyí tó bá kù á wá síbí, a ó sì fi se ọbẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta, ìyá! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Obìnrin náà gbọn iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mo wá sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ rò pé omi ni mo wá tọrọ. Ẹ ní kò sí kí n tó la ẹnu."

Ọkùnrin náà rántí bàtà tí obìnrin náà yọ, ó rántí bó ṣe wò ó kó tó lọ. Ó sunkún níbẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, àgbàlagbà ọkùnrin. Opó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó fi ọkọ́ wó amọ̀ ẹnu ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Alábọ́ wo oko náà, ó mi orí. Ó ní iyọ̀ ti jìnnà nílẹ̀, pé yóò tó ọgbọ̀n abọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó lè fọ̀ mọ́, abọ́ mẹ́fà kò lè ṣe é. Níbi tí gbogbo wọn pé jọ sí létí orísun, ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, kò sì mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ bẹ̀? Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti dí omi mọ́ ni.

Opó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ fún un ní abọ́ mi tọ̀sẹ̀ yìí."

Ẹyọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ara wọn, ẹ̀gbọ́n ní àwọn mú mẹ́wàá wá, àbúrò ní kí wọ́n fi méjì kún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú yòókù náà ń dá a títí ó fi lé ní ọgbọ̀n. Omi wọ oko náà, ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń gba ẹnu ìsàlẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gba inú ọkà, ó gba ìdí dàbínù, ó sì gbé ẹ̀gbin ọdún mẹ́ta lọ síbi tó ti yẹ kó wà.

Ọdún yẹn, ọkà bàbà ló gbìn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àlùbọ́sà padà. Kò tó orí ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó pọ́n, àwọn oníràkúnmí sì tún yà. Agbọ̀n àkọ́kọ́ ni ó gbé lọ sí ìsàlẹ̀. Opó bu dàbínù tútù fún un, ó jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń jẹ ẹ́, ó ń tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí omi òun ṣe ń kọjá lọ nínú koríko. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìró omi náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó fi òkúta tẹ́ ẹnu ìsàlẹ̀ náà, ó rẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tì í mọ́, títí kan òun fúnra rẹ̀.

Ó dára. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní ṣọ́ọ̀bù rẹ kún, ilé rẹ kún, síbẹ̀ ọkàn rẹ kò balẹ̀, nǹkan kan kò sì dùn mọ́ ọ. O ní kí n bá ọ gbàdúrà kí Ọlọ́run túbọ̀ fi kún un. N kò tíì gbà á. Ẹ̀rù àdúrà náà ń bà mí, torí mo ti rí ibi tí ìyẹ̀fun funfun ti ń yọ lára rẹ.

Ṣé o rántí àbúrò ìyá rẹ tó ti abúlé wá nígbà tí oòrùn ń mú? Èmi wà níbẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí o fi sọ fún un pé kò sí. Bóyá owó ló wá tọrọ lóòótọ́. Bóyá nǹkan mìíràn ló mú wá, èmi kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, o lè dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Dìde, lọ bi í ní ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà.