Ọta Wẹ́wẹ́ Lábẹ́ Igi Kajú

Ọkùnrin ọdẹ kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn odò, ẹran ńlá nìkan ló máa ń wá lọ. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló ní, ọta ńlá ló sì máa ń kì sí ẹnu méjèèjì. Bí ó bá rí àwọn ọdẹ yòókù tí wọ́n ń kó ọta wẹ́wẹ́ sápò nítorí ejò, a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin ọdẹ alángbá," ni yóò wí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣa kajú nínú oko wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ a bo gbogbo abẹ́ igi, ejò sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Lọ́dún kan, ejò bu obìnrin tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà ṣán. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Láti ìgbà náà ni ìyàwó ọdẹ ti ń bẹ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ọlánípẹ̀kun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọta wẹ́wẹ́ sí ẹnu kan."

"Kí ẹfọ̀n wá yọ sí mi, kí n máa da yanrìn sí i lára?"

"Ẹfọ̀n tí ẹ ń wá jìnnà sí wa. Ejò ni èmi ń bá gbé lábẹ́ igi."

Ọkùnrin náà kò gbà pé ìyàwó òun jàre, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Ó lọ tọrọ ọta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì kì wọ́n sí ẹnu kan ìbọn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń ti igbó bọ̀, ó gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Igbe ẹyọ kan ni, lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó sáré. Ó bá obìnrin náà tí ó fẹ̀yìn ti igi kajú, ejò sèbé kan sì nà ró níwájú rẹ̀, ó fẹ ọrùn.

"Di ojú rẹ! Má mira!"

Obìnrin náà di ojú pinpin. Ejò tutọ́, oró rẹ̀ sì bà á ní ìpéǹpéjú. Ọdẹ rọra yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí ìyàwó rẹ̀ kò fi sí ní ọ̀nà ọta mọ́. Ọta ńlá ló kọ́kọ́ yìn, nítorí òun ló ti mọ́ ọn lára. Orí ejò ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọta náà kò bà á. Ilẹ̀ ló wọ̀, eruku sọ lálá. Sèbé yíjú sí ọdẹ, ó ń bọ̀. Nígbà náà ló yin ẹnu kejì. Ọta wẹ́wẹ́ fọ́n ká bí ìgbà tí ènìyàn ń da àgbàdo fún adìẹ, orí ejò sì fọ́ yángá.

Ó gbé kèrègbè omi, ó ń bu omi sí ìyàwó rẹ̀ lójú.

"Ṣé o ń rí mi?"

Obìnrin náà ṣẹ́jú títí. "Mò ń rí yín. Mo tún ń rí bí ẹ ṣe ń gbọ̀n."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ewé gbígbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹfọ̀n tó pa rí tó mú inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọta wẹ́wẹ́ kò lè pa ẹfọ̀n, kò tilẹ̀ ń lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ejò kì í dúró lókèèrè.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o ti múra de olè, o ti múra de ọdún tí òjò kò ní rọ̀. O ṣe é re. Ṣùgbọ́n ìkùnsínú tó wà láàárín ìwọ àti àbúrò rẹ, inú ilé yín níbẹ̀ ló ká jọ sí. Ọ̀rọ̀ ńlá tí o ń kó pamọ́ de ọjọ́ ìpàdé ẹbí kò ní bà á. "Ṣé o jí dáadáa?" "Má bínú." "Ṣé o ti jẹun?" Irú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ báyìí ni kí o kó sẹ́nu. Dìde, àbúrò rẹ ṣì wà nílé. Lọ bá a nísinsìnyí.