Dàńdógó Onírun Àgùntàn

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣé àkísà wá tó ohun tí èèyàn í fi yangàn ni? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdóọ̀wú ló tú u.

Láòyè kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ méje ló ní, sányán ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi í sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé lọ́jọ́ ìnáwó: ẹni tí kò bá wọ aṣọ ìbílẹ̀ kò ní wọlé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Ìbídùn, ọmọ agbo ilé náà, Òjèlabí, ọkọ ìyàwó, dé láti ìlú orí òkè. Dàńdógó ló wọ̀, àmọ́ aṣọ onírun àgùntàn tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òkè òkun ni wọ́n fi rán an. Láòyè dínà mọ́ ọn.

“Padà. Èyí kì í ṣe aṣọ ìbílẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, dàńdógó ni. Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an kó tó kú. Mi ò ní bọ́ ọ.”

“Sányán ni baba ńlá wa ń wọ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé.”

Inú bí ẹbí ọkọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìdána padà. Ìbídùn bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró, ìyá àgbà rẹ̀, tó ti hun aṣọ fún ọgọ́ta ọdún, gbé igbá kan jáde, ó dà á sílẹ̀ níwájú Láòyè. Kìkì àkísà!

Láòyè rẹ́rìn-ín. “Ìyá, aṣọ mi ju tiyín lọ o.”

“Ó jù ú lóòótọ́. Wo kíjìpá yìí. Òun nìkan ni wọ́n mọ̀ láyé ìyá ìyá mi. Wo sányán tó kọ́kọ́ wọ ilé yìí. Baba ńlá rẹ ló wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti lé e, wọ́n ní aṣọ tí wọ́n fi òwú kòkòrò hun ni. Àlàárì nìyí, ọ̀nà jíjìn ni òwú pupa rẹ̀ ti wá. Èwo ni ti ìṣẹ̀dálẹ̀ níbẹ̀?”

Láòyè mú sányán gbígbó náà, ó rí àmì ìdílé rẹ̀ lọ́rùn aṣọ. Ó di Òjèlabí lọ́wọ́ mú, ó sì fúnra rẹ̀ mú un wọlé tọ ìyàwó lọ.

Àwẹ̀ró ń ṣa àkísà rẹ̀. “Ọkọ ọmọ mi, bí tìrẹ bá gbó, má sọ ọ́ nù. Fi ránṣẹ́ sí mi.”

Aṣọ ṣeé rà lóòjọ́. Ọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ ọ́ di àkísà, ẹni tó bá sì pẹ́ ló mọ ìgbà tí ohun àtijọ́ ṣì jẹ́ àlejò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.