Bí Mo Ṣe Wá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọkàn nínú Igbó Adánidúró

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí n kò ní tún un sọ. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Bàbá mi ṣọdẹ, èmi náà ṣọdẹ. Mo mọ ewé tí ń wo ẹsẹ̀ sàn, mo mọ egbò tí ń wo inú sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó Ọdẹ́níran, àbúrò mi ọkùnrin, kú, àbúrò mi jókòó sí ìdí ògiri bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé síta. Kò lọ sí oko, oúnjẹ kò wù ú. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni a tún ń jí fún?" Ewé kò dáhùn, egbò kò dáhùn, ó sì ń gbẹ lọ lójú mi. Wọ́n ní àwọn iwin Igbó Adánidúró ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ó mọ ìwòsàn ara ti lè kọ́ ti ọkàn. Mo gbé ìbọn mi, mo lọ.

Ẹnubodè ilé àkọ́kọ́ ga bí ọ̀pẹ. Iwin tí ó wà níbẹ̀ ní orí mẹ́ta, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì fi ń yin ara rẹ̀.

Mo ní, "Tí àbúrò mi bá wá bá yín, kí ni ẹ máa ṣe fún un?"

"A óò sọ orúkọ àìsàn rẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Àwọn orí náà wo ara wọn. "Orúkọ náà gùn," ni wọ́n wí.

Mo kọjá. Ní ilé kejì, iwin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ jókòó sórí òkìtì.

"Ẹ kúulé, bàbá. Ṣé ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́?"

"Báwo ni ìbéèrè yẹn ṣe rí lára rẹ?"

"Kò rí bákan. Ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá."

"Ta ni ó sọ fún ọ pé ó jìn?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń fẹ́ láti jẹ́?"

Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, mo ti dojú kọ erè. N kò bínú sí wọn bí mo ti bínú sí iwin yìí. Mo kọjá.

Ilé kẹta kéré, òrùlé rẹ̀ ń jò. Ìyá arúgbó olójú kan yọjú. "Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, ìyá."

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo kàn án. Ó tún bi mí. Bí wọ́n ti kọ́ mi nílé, mo tún dúpẹ́. Ó tún tì í. Sùúrù mi tán.

"Ìyá, kò sí àlàáfíà. Àbúrò mi ń kú lọ, ẹ̀yin sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú."

"Ó yá, wọlé. Àwọn tí ń dúpẹ́ kò nílò mi."

"Kí ni ẹ máa ṣe fún un?"

"Màá jókòó tì í."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"N kò mọ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Òun nìkan ni ó gbà pé òun kò mọ̀. Mo gbé ìbọn kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ sú mi. Ó ní kí n jókòó ti igi kan tí ń sunkún. Bí mo bá ti ní, "Ó tó, ṣe ọkàn gírí," á fi ọmọ orógùn gbá mi ní orúnkún. Òjò pa mí, èèrà jẹ mí, mo dákẹ́. Lọ́jọ́ tí igi náà pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gé lulẹ̀, ìyá ní kí n máa lọ sílé.

Egungun Ọdẹ́níran ti yọ nígbà tí mo dé. Mo jókòó tì í. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń jókòó ni ẹ lọ kọ́ lọ́nà jíjìn yẹn?"

Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi ni ó máa ń jí mi," ó wí. "Á fa etí mi, á ní, ọ̀lẹ, dìde. Gbogbo yín ń sọ pé kí n dìde. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé ta ni ó máa ń jí mi."

Ó sunkún títí oúnjẹ fi tutù. Ó wá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, ìyàwó mi sì bú u dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkàn, ẹ má wo gíga ẹnubodè, ẹ má jẹ́ kí irùngbọ̀n tàn yín jẹ. Ẹ sọ ti ẹni tí ìrora rẹ̀ ń dùn yín fún olùkọ́, kí ẹ bi í ohun tí ó máa ṣe. Bí ó bá dáhùn bí ẹni tí ó ti mọ gbogbo rẹ̀, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ dìde, mo ti sọ̀rọ̀ jù.